Omi Mẹ́ta Inú Àwòrán Ìyàwó Mi

Òórùn èèpo ọsàn ló gba ilé wa ní Bàrígà lọ́jọ́ tí èmi àti ìyàwó mi lò pọ̀ kẹ́yìn. Ó ń bó ọsàn, ó sì ń wo àwòrán kan tí ọ̀gá iléèwé tó ti ń ṣe olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tẹ̀ ní Ṣómólú, tó fi orúkọ ara rẹ̀ sí. Ìyàwó mi ló ya àwòrán náà fún kíláàsì rẹ̀, láti ṣàlàyé bí agbára nukílíà ṣe ń di iná mànàmáná. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbogbo ayé ń sọ pé iná yóò wà.

"Jẹ́ kí n lọ bá a."

"Ẹ fi í sílẹ̀, Dádì. Kò tilẹ̀ mọ ohun tó kó," ni ìyàwó mi wí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá ìyàwó mi. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọ̀gá náà wá kí mi, ó jókòó sórí àga ìyàwó mi, ó ní, "Ẹ ṣe ọkàn gírí, sà. Ènìyàn iyì ni wọ́n." Mo ń wo ẹnu rẹ̀, mo sì mọ̀ pé n kò ní í dárí jì í.

Nígbà tó lọ, mo gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú ti ìyàwó mi, omi pupa ń gba ooru lára èròjà yuréníọ̀mù tó ń fọ́, ó sì ń padà síbẹ̀. Ooru náà ń sọ omi búlúù di oru, oru ló ń yí ẹ̀rọ tó ń mú iná wá. Omi aláwọ̀ ewé, láti inú ọ̀sà, ló ń mú oru náà tutù kó tún lè di omi. Wọn kì í pàdé. Ṣùgbọ́n àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gba inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́tọ̀, pẹ̀lú owó tirẹ̀, ọ̀gá sì láhun: dúdú nìkan ló fi tẹ tirẹ̀. Omi mẹ́ta di ọ̀kan.

Mo dúró, títí ó fi pe àwọn olùkọ́ jọ ní àdúgbò Pedro láti ta àwòrán náà fún wọn, mo sì lọ síbẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, omi tó kan yuréníọ̀mù yìí, ibo ló ń lọ?" ni mo bi í.

Ó fi ìka tọ ìlà náà. "Inú ọ̀sà."

"Ọ̀sà wa yìí?" ni olùkọ́bìnrin kan pariwo. "Yéè! Ará Bàrígà, ẹ má jẹja mọ́ o!"

Ẹ̀rín sọ. Òógùn bo ọ̀gá. "Bí ẹni tó yà á ṣe yà á nìyẹn!"

"Ta ló yà á, sà?" ni mo tún bi í.

Mo gbé ti ìyàwó mi sókè, mo dárúkọ rẹ̀.

Àwọn ará ìjọ ní kí n fi ẹ̀san fún Ọlọ́run. Mo ti dàgbà, adùn ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lẹ́nu mi. Ìbínú gbé mi dìde níbi tí ìtùnú ti kùnà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣí àpótí aṣọ ìyàwó mi tí n kò tíì lè fọwọ́ kàn, mo sì ká gbogbo aṣọ náà, èmi nìkan.