Àwọn Aláǹtakùn Abẹ́ Kòkó Ayédé

Òórùn kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò kí ó lè kan kì í ṣe òórùn tí èèyàn lè fi ṣe lọ́fíńdà. Ó kan bí ẹmu ọjọ́ kẹta, ó sì tún ní adùn kan nísàlẹ̀ tó máa ń mú kí itọ́ kún ẹnu kí ojú tó ti ẹni. Oko bàbá kan lẹ́yìn Ayédé ni mo ti kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, nígbà tí mo ń kàwé gboyè kejì, tí mo sì gbà pé mo ti mọ nǹkan. Títí di òní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń ṣí kòkó, ikùn mi a kọ́kọ́ dún, lẹ́yìn náà ni ọkàn mi yóò wá bàjẹ́. O ti bi mí rí pé kí ló dé tí n kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́dún náà. Ó dára, jẹ́ kí n sọ ọ́.

Aláǹtakùn là ń kó jọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí wa fẹ́ ṣe ìwé kan tí yóò to gbogbo aláǹtakùn àríwá Èkìtì lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ìlú tí a ti rí i. Ọkùnrin náà ní ẹ̀wù kan tí àpò rẹ̀ lé ní mẹ́wàá, irú èyí tí àwọn tó ń wá kìnnìún kiri nínú tẹlifíṣọ̀n máa ń wọ̀. N kò rí nǹkan kan nínú àwọn àpò náà rí ju bíírò kan àti pákò lọ. Ó gbé àwòrán ilẹ̀ ńlá kan kọ́ sára ògiri, ó ra abẹ́rẹ́ olórí pupa, ó ní kí a lọ wá ohun tí òun máa fi wọ́n gún. Àwa méjì là ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kejì mi jẹ́ obìnrin, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n fún láyè ọdún kan péré kí ó fi parí ìwé rẹ̀. Ìkọ̀lé, Odò-Orò àti Ìdó jẹ́ tirẹ̀. Òyè, Ayédé àti Iyè jẹ́ tèmi. Iṣẹ́ mi ni láti dá ẹ̀yà wọn mọ̀, tirẹ̀ ni láti fi hàn ibi tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tàn dé. Nítorí náà, ibi tí mo bá kọ pé mo ti mú aláǹtakùn, ibẹ̀ ni òun náà yóò gbàgbọ́.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè rò pé àwọ̀ tàbí ẹsẹ̀ ni a fi ń dá aláǹtakùn mọ̀. Rárá o, abẹ́ rẹ̀ ni a ń wò. Méjì lè jọra bí ìbejì, kí abẹ́ wọn wá fi hàn pé wọn kò bára tan rárá. Ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, bi mí lójú àlejò pé kí gan-an ni mò ń fi maikirosíkóòpù wò láti àárọ̀ dalẹ́. Mo sọ fún wọn. Wọ́n yíjú sí àlejò: "Ìmọ̀ ìṣègùn ló ń kà."

Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni ìwé pélébé. Inú ìgò kékeré tó kún fún sípírítì ni aláǹtakùn kọ̀ọ̀kan máa ń wà, pẹ̀lú ìwé kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Pẹ́ńsùlù ni a fi ń kọ ọ́, nítorí pé sípírítì a máa pa íǹkì rẹ́: ìlú wo, oko ta ni, lára igi wo, ọjọ́ wo, ta ló mú un. Ọ̀jọ̀gbọ́n a máa sọ pé aláǹtakùn tí kò ní ìwé, òkú kòkòrò lásán ni. Nínú gbogbo ohun tó sọ lọ́dún náà, n kò tíì rí ibi tí mo ti lè bá a jiyàn lórí ìyẹn.

Bàbá olóko náà ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó lórí ẹní nígbà tí mo dé. Mùsùlùmí ni wọ́n. Fìlà funfun orí wọn ti gba àwọ̀ kòkó. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí a ṣe ń mú aláǹtakùn orí igi ni pé a ó ṣí agbòjò, a ó dojú rẹ̀ sókè sábẹ́ ẹ̀ka, a ó wá fi ọ̀pá lu ẹ̀ka náà kí ohun tó wà lórí rẹ̀ lè já sínú agbòjò. Bàbá wò mí títí.

"Òjò ò rọ̀, o ṣí agbòjò. O tún dojú rẹ̀ sókè. Ṣé láti inú ulẹ̀ ni òjò tiyín ti ń rọ̀, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé?"

"Aláǹtakùn là ń mú, bàbá. A fẹ́ mọ orúkọ wọn."

"Uṣẹ́ wá pọ̀ láyé o. Wọ́n ránṣẹ́ pè yín pé àwọn ò lórúkọ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé nínú ulé àwọn, wọn kì í fi ìgbálẹ̀ kan aláǹtakùn, torí òun ló ta òwú bo ẹnu ihò àpáta nígbà tí àwọn ọ̀tá ń lé Ànábì. Àwọn ọ̀tá dé ẹnu ihò, wọ́n rí òwú, wọ́n ní kò sẹ́ni níbẹ̀, wọ́n yà lọ. Bàbá kì í tilẹ̀ fọ́n oògùn sí ìhà tí àwọn kòkó àgbà wà. Wọ́n ní aláǹtakùn ń bá àwọn ṣọ́ ibẹ̀, owó oṣù rẹ̀ ò sì wọ́n.

Wọ́n gbà kí n mú ìwọ̀nba, kí n fi èyí tó bá gbé ẹyin mọ́ àyà sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe àdéhùn.

"Má kọ orúkọ oko mi sínú ìwé. Ayédé gan-an, má kọ ọ́. Oko méjì ni mo ní tẹ́lẹ̀. Àwọn kan wá, ọmọlúàbí bíi tìẹ, wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ igi, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ní kí n má dé ibẹ̀ mọ́." Wọ́n fi ẹnu júwe ìhà ọ̀nà, níbi tí pátákó kan dúró sí tí koríko ti gùn bò. Kò sí ilé, kò sí oko. "Èyí nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́. Ṣé o máa bá mi fi í pamọ́?"

Mo ní mo máa fi í pamọ́.

N kò fẹ́ kí o rò pé ẹni rere ni mí. Ó yẹ kí n lọ sí Iyè lọ́jọ́ kejì, òjò sì ti ń ṣú, ọlọ́kadà tó gbé mi ti bú ọ̀nà náà fún mi kí n tó bi í. Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi, mo mú pẹ́ńsùlù, mo sì kọ Iyè sórí gbogbo ìwé pélébé ọjọ́ náà. Ìlérí tí mo ṣe fún bàbá ṣẹ, ìrìn àjò mi sì dín kù. Nígbà tí mo bá ń ro ẹjọ́ ara mi, apá àkọ́kọ́ nìkan ni mo máa ń rò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo bá mẹ́ta nínú wọn tí abẹ́ wọn kò jọ ti ẹ̀yà kankan nínú àwọn ìwé wa. Wọn kò tóbi ju ẹ̀pà lọ, àwọ̀ wọn dà bí ti ewé kòkó gbígbẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n, ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó wá lọ wọ ẹ̀wù alápò rẹ̀, nínú yàrá níbẹ̀. Kí wákàtí kan tó pé, ó ti mú orúkọ tí ẹ̀yà náà yóò máa jẹ́: orúkọ bàbá tirẹ̀, pẹ̀lú ìrù Látìn lẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Abo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí ẹni tó máa ka iṣẹ́ náà sí bí kò bá sí akọ. Èmi ni ó sọ pé kí n jókòó ti maikirosíkóòpù. Ẹnì kejì mi ló rán lọ sí Iyè.

Obìnrin náà lọ, ó tún lọ, ó tún padà lọ. Ó lu igi kòkó Iyè bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń pè é ní Ìyá Alágbòjò. Ó fi ibà bọ̀, ó fi ẹsẹ̀ wíwú bọ̀, kò mú akọ kankan bọ̀, kò tilẹ̀ mú abo. Lọ́jọ́ kan, ọ̀jọ̀gbọ́n na ìka sí i lójú mi.

"O ò dé Iyè. Ìkọ̀lé lo jókòó sí, o ń sùn. Bí mi ò bá rí akọ yẹn, mi ò ní fọwọ́ sí ìwé rẹ."

Oṣù kan péré ló kù kí ààyè tí wọ́n fún un parí. Ó gbé agbòjò rẹ̀, ó jáde. Èmi fi ojú mọ́ maikirosíkóòpù, mò ń wò ó tọkàntọkàn. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ bá a ní Ìkọ̀lé. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná oníyọ̀.

"Kò sí ní Iyè," mo ní.

"Mo mọ̀. Èmi ni mo wá a."

"Kò sí níbẹ̀ rí. Ayédé ni mo ti mú un."

Ó yọ ẹsẹ̀ nínú omi. Mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá olóko fún un, mo sọ ọ́ dáadáa, pẹ̀lú pátákó inú koríko. Ó gbọ́ mi dópin.

"Bàbá ní kí o fi oko àwọn pamọ́. Ó dáa. Ṣé abẹ́ ẹsẹ̀ mi yìí lo wá rí fi í pamọ́ sí?" Ó tún ki ẹsẹ̀ bọ omi. "Lọ sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́la. Bí o ò bá lọ, èmi á lọ."

Mo lọ. Mo rò pé ọ̀jọ̀gbọ́n yóò lé mi dànù. Kò tilẹ̀ bínú. Ó kàn bi mí pé: "Oko ta ni?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tó ń ba bàbá lẹ́rù, ó juwọ́ sí mi. "Ṣé àwọn tó ń wọnlẹ̀ ni wá? Onímọ̀ ni wá."

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni a lọ, pẹ̀lú bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́, ayàwòrán kan àti aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ àwòrán ọ̀jọ̀gbọ́n sí. Bàbá ti lọ kírun. A kò dúró dè wọ́n. Ó jẹ́ àṣà wa láti sàmì sí igi tí a bá ti lù, kí a má baà lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹfun ni a máa ń lò. Òjò ń fọ ẹfun nù lásìkò náà, ọ̀jọ̀gbọ́n sì ti ra aṣọ, ó ti gé e wẹ́wẹ́ fún wa kí a máa so ó mọ́ igi. Pupa ni ó rà, kí ó lè hàn nínú fọ́tò. O máa sọ pé ó yẹ kí n ti rántí. Mo rántí. Ọwọ́ mi ló so ọ̀pọ̀ jù nínú wọn.

A kò rí akọ lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí a padà lọ, òórùn oògùn ti pàdé wa lójú ọ̀nà kí a tó rí oko. Gbogbo aṣọ pupa náà wà ní òkìtì kan níwájú abà. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi aṣọ di imú, pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn wà lẹ́yìn wọn síbẹ̀. Lábẹ́ àwọn kòkó àgbà, aláǹtakùn kún ilẹ̀, ńlá àti kékeré, gbogbo wọn ká ẹsẹ̀ mọ́ra. Ọ̀jọ̀gbọ́n figbe ta pé irú ìwà òmùgọ̀ wo lèyí. Bàbá kò wò ó. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Ohun tí ẹ ń wá ò sí níbí mọ́. Ẹ lè máa lọ."

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ewé gbígbẹ. N kò mọ ohun tí mò ń sọ.

"Dìde," ni wọ́n wí. Ohùn wọn kò le. "Látìgbà tí mo ti dáyé, mi ò pa ọ̀kan rí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó ń ṣa òkú sínú ìgò. A kó wọn lọ sí yàrá iṣẹ́, mo sì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ wà nínú wọn. Méjì ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n fò sókè bí ọmọdé. Ó fọwọ́ sí ìwé ẹnì kejì mi lọ́sẹ̀ náà, obìnrin náà sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ kí oṣù tó tán. Èmi ni mo kọ ìwé pélébé tó wọ inú ìgò àwọn akọ náà: Ayédé, orúkọ bàbá, abẹ́ igi kòkó, ọjọ́, orúkọ mi. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ pupa sí ojú Ayédé gẹ́lẹ́, ó dúró dáadáa.

A ti wá ẹ̀yà náà kiri láti ìgbà náà, ní Òyè, ní Ìdó, ní Iyè tí mo padà fẹsẹ̀ ara mi tẹ̀. A kò tíì rí i. Kò sí ẹni tó gba oko bàbá. Bóyá kò tilẹ̀ sí ẹni tó fẹ́ ẹ. Ohun tí mo gbọ́ ni pé wọ́n ń fọ́n oògùn sí gbogbo rẹ̀ báyìí lọ́dọọdún bíi ti gbogbo èèyàn.

Fún ìgbà pípẹ́, mo gbà pé irọ́ tí mo pa lẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo tún wá rò ó pé òtítọ́ tí mo sọ ló ba nǹkan jẹ́. N kò mọ èyí tí mo lè dì mú nínú méjèèjì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti ṣèlérí ohun tí iṣẹ́ wa kò lè ṣe, mo sì ṣe é nítorí pé mo fẹ́ gbé nǹkan kúrò lóko olóko.

Èmi náà ti ń darí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Wọ́n ní mo ti di agbẹjọ́rò, torí kí n tó gba ìgò lọ́wọ́ wọn, mo máa ń bi wọ́n pé ta ló ni oko, kí ló sọ. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, bí olóko bá gbà kí àwọn mú un ṣùgbọ́n tó ní kí àwọn má kọ ibẹ̀ ńkọ́?

"Kí ẹ da àwọn tó wà nínú agbòjò sílẹ̀, kí ẹ kí i, kí ẹ máa lọ."

"Ẹ̀yà tuntun ńkọ́, sà?"

Mo ní òun gan-an ni mò ń wí.