Kọ̀ǹpútà Tí Wọ́n Tò Lójú Gbogbo Òbí

Oṣù mẹ́rin ló kù kí Otilia Quequezana fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tún ṣẹ́ yọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń gun àtẹ̀gùn gígùn tó lọ sí ilé ìwé orí òkè yẹn, ní ìhà àríwá Lima, olú ìlú Peru, níbi tí ìrì tútù ti ń sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta-mẹ́rin láìjẹ́ pé òjò gidi rọ̀. Kò sí ilé kan lára òkè náà tí kò kọ́ ọmọ tàbí òbí inú rẹ̀ rí. Gbogbo wọn ló mọ ìwà rẹ̀: bí o bá bá a sọ̀rọ̀ tí o ṣì í sọ, yóò kọ́kọ́ tún un sọ fún ọ kó tó dá ọ lóhùn. Àwọn kan ń pè é ní òǹrorò. Òǹrorò kọ́. Ohun tó tọ́ ló ń fẹ́, kò sì mọ bí a ti ń gbójú fo àṣìṣe ẹlòmíì. Ti ara rẹ̀ kan ṣoṣo ló gbójú fò, ọdún mẹ́fà gbáko ló sì fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ́fíìsì ilé ìwé ló kú. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi orúkọ àti máàkì àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí ìjọba. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò bá dé ọ̀hún lásìkò, bí ẹni tí kò kàwé lọ́dún náà ni. Àwọn òbí kò dúró de ìjọba. Wọ́n ṣe poyáda, bí wọ́n ti máa ń ṣe bí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn tàbí bí òrùlé bá ya: wọ́n ta káàdì fún aládùúgbò, wọ́n dín adìyẹ nínú ìkòkò ńlá ní àgbàlá ilé ìwé láti àárọ̀ Sátidé, oníkáàdì ń wá gba àwo tirẹ̀ pẹ̀lú poteto àti ata. Nígbà tí owó pé, wọ́n kó o lé Otilia lọ́wọ́. Basilio Ticona, awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó jẹ́ alága àwọn òbí, ló gbẹnu sọ fún wọn.

“Tíṣà, ẹ̀yin la fọkàn tán. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: èyí tí ilé iṣẹ́ ti tò tán, tí wọ́n fi òǹtẹ̀ dí sínú páálí, ni kí ẹ rà. A ò fẹ́ àtòpọ̀ tí onísọ̀ ń to ẹ̀yà rẹ̀.”

“Kí ló ṣe àtòpọ̀?”

“Ẹ̀yin náà! Ṣé ẹ ti gbàgbé Fidencio ni? Gbogbo adìyẹ tí a dín nígbà yẹn, ikùn rẹ̀ ló wọ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, “Eegun pàápàá, kò ṣẹ́ ẹ kù!” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Otilia kò rẹ́rìn-ín, kò sì tún ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ṣe lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá Fidencio ni olórí ilé ìwé kí ipò náà tó kan Otilia. Ní ohun tó lé ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àárín ìlú, sí àwọn ilé alájà tí ìsọ̀ kọ̀ǹpútà kún inú wọn bí ihò afárá oyin. Wọ́n yan ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sanwó, onísọ̀ ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn wákàtí méjì. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ dáadáa mọ̀ pé a kì í kúrò nídìí ohun tí a rà títí wọn yóò fi dé àpótí rẹ̀, tí wọn yóò sì fi nọ́ọ̀tì dì í. Ọ̀gá Fidencio mọ̀ ọ́n. Ó ti fa àpótí ìjókòó kékeré kan sábẹ́ ara rẹ̀. Otilia ni ebi ń pa.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun. Aago méjì ti lù. Ẹ̀rọ ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ.”

“Màá dúró, Otilia. Lọ jẹ tìrẹ.”

“Kí n máa dá jẹun bí ẹni tí ọkọ kọ̀? Ẹ dìde jàre, ọbẹ̀ á tutù.”

Ó dìde. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ti dé àpótí náà, ó ń dán. Oṣù méje lẹ́yìn náà, kò tàn mọ́. Ẹni tó tú u láti tún un ṣe sọ níwájú ìpàdé pé mẹ́mọ́rì àti díìsìkì inú rẹ̀ ti gbó kí wọ́n tó wọ ibẹ̀. Ìwé ọjà sì ní tuntun ni wọ́n. Àwọn òbí wo ìwé, wọ́n wo ẹ̀yà, wọ́n wo ojú Ọ̀gá Fidencio. Ó ní onísọ̀ ló pààrọ̀ wọn. Wọ́n bi í pé níbo ló wà nígbà tí wọ́n ń tò ó. Ó ní òun lọ jẹun. Kò dárúkọ ẹni tó ní kó lọ jẹun. Ó kàn yíjú wo Otilia lẹ́ẹ̀kan, Otilia sì tẹjú mọ́lẹ̀, nítorí ó ti ń retí ipò olórí, ẹ̀rù sì bà á kí wọ́n má baà so ó pọ̀ mọ́ ọ̀ràn náà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé ọ̀gá jẹ owó ọmọdé. Gbogbo ilé buwọ́ lù ú. Otilia náà buwọ́ lù ú.

Ọdún kejì, Ọ̀gá Fidencio kú. Àwọn tó ń sọ pé ìtìjú ló pa á kò sọ òótọ́. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni. Ṣùgbọ́n orúkọ olè ni wọ́n fi sin ín.

Ní ọjọ́ Ajé, Otilia kó owó náà dání, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú. Ó kọ́kọ́ dé ilé ìtajà ńlá kan, ó sì rí kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ tò tán: páálí funfun, òǹtẹ̀ lára rẹ̀, ìwé kan ṣoṣo tó ní bó bá bàjẹ́ láàárín ọdún kan àwọn yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti na ọwọ́ sí àpò owó. Kò mọ ohun tó fà á sẹ́yìn. Ó jáde, ó gun àjà kejì ilé alájà tó wà ní òdìkejì, níbi tí Nicanor Sulca, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, ti ń to kọ̀ǹpútà tà.

“Tíṣà! Ẹ má sọ pé iṣẹ́ àmúrelé tí mo jẹ yín ní kíláàsì kẹrin lẹ wá gbà.”

“Màá gbà á tó bá yá. Kí lo kọ sára pátákó yìí? ‘A ń tún kọ̀ǹpútà tó dára ṣe.’ Bó bá dára, kí lẹ ń tún ṣe lára rẹ̀?”

Nicanor họrí. “Èmi ò tiẹ̀ rí i. Màá pa á rẹ́ lọ́la.”

“Lónìí.”

Ó mú aṣọ, ó nù ún kúrò níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà Otilia jókòó, ó bi í léèrè èwo ni kí òun rà fún ilé ìwé, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má bá òun sọ̀rọ̀ bí ọlọ́jà.

“Tó bá jẹ́ báńkì ni, níbi tí iná kì í ṣẹ́jú, màá ní kí ẹ ra ti ilé iṣẹ́, Tíṣà. Ìwé kan ṣoṣo, bó bá kọṣẹ́ ẹ gbé e padà fún wọn, wàhálà parí. Orí òkè ńkọ́? Iná yín ń lọ sókè sódò. Ohun tó máa kọ́kọ́ jóná ni ibi tó ń pín iná kiri inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún yẹn, wọ́n gé tirẹ̀ ní ìwọ̀n tara wọn. Ẹ lè rin gbogbo ìsọ̀ yìí já, ẹ ò ní rí èkejì rẹ̀. Eruku ńkọ́? Ẹ ò gbọdọ̀ ṣí i láti gbọn ọ́n. Bí òǹtẹ̀ bá ti ya, ìwé ọdún kan yẹn di bébà tí a fi ń wé búrẹ́dì. Àmọ́ àtòpọ̀, èyí tó bá kú nínú rẹ̀ lẹ máa pààrọ̀, ìyókù á máa ṣiṣẹ́ lọ.”

“Bí ilé wa.”

“Bí ilé yín gan-an. Ta ló ra ilé tán lórí òkè yẹn rí? Yàrá kan lónìí, ẹ ó fi irin sílẹ̀ lórí rẹ̀ de yàrá kejì.”

“Wọn ò fẹ́ àtòpọ̀.”

Nicanor rẹ ohùn sílẹ̀. “Nítorí Ọ̀gá Fidencio ni. Bàbá yẹn ò jalè, Tíṣà. Gbogbo wa níbí la mọ àwọn tó ń pààrọ̀ ẹ̀yà nígbà náà, wọ́n ti lé wọn lọ. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé kò dúró tì wọ́n. Ènìyàn tó fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀!”

“Ó dúró,” ni Otilia wí. “Èmi ni mo gbé e dìde.”

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé e padà, ó rò ó síwá sẹ́yìn. Bó bá ra èyí tó wà nínú páálí, kò sẹ́ni tí yóò bi í ní nǹkan kan. Yóò fẹ̀yìn tì, wọn yóò fún un ní òdòdó, yóò sì máa lọ. Bó bá jẹ́ àtòpọ̀ ló gbé wá, wọn yóò bi í pé kí ló dé tó fi gbà pé àtòpọ̀ kì í ṣe ọ̀nà olè, kò sì sí ìdáhùn kankan tó ní bí kò ṣe òótọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Wọn kò sọ iye ìgbà tí ẹni tí wọ́n pa irọ́ mọ́ yóò ti wà nínú ilẹ̀ kí òótọ́ tó bá a. Kó tó dé ilé, ó yà lọ́dọ̀ Zenaida, opó Ọ̀gá Fidencio, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó wá sí ìpàdé ọjọ́ Àìkú. Zenaida kò ní kó wọlé. “Màá wò ó,” ni gbogbo ohun tó sọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, àgbàlá kún. Nicanor gun àtẹ̀gùn dé pẹ̀lú páálí kéékèèké mẹ́jọ. Basilio rí wọn, ó fò dìde.

“Kí lèyí, Tíṣà? Kí la sọ fún yín?”

“Àtòpọ̀ ni. Mi ò tíì sanwó rẹ̀. Owó yín ló wà lórí tábìlì yìí, ẹ kà á. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, Nicanor á kó ẹrù rẹ̀ padà, màá sì ra ti inú páálí lọ́la. Àmọ́ ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ mi.”

Ó dúró láàárín wọn, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n lọ, ohun tí wọ́n yàn, àpótí ìjókòó tí ọ̀gá fà sábẹ́ ara rẹ̀, ebi. Ó sọ bí ọ̀gá ti wo òun nínú ìpàdé àti bí òun ti wolẹ̀. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ eegun adìyẹ lọ́jọ́ sí bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìborùn rẹ̀ wé, kò sì wé e tán.

“Ẹ wà níbẹ̀?” ni Basilio bi í. “Ẹ wà níbẹ̀, ẹ sì jẹ́ ká… Tíṣà! Ẹ̀yin tí ẹ fi rúlà nà mí nítorí pé mo di ẹ̀bi mi ru Eusebio ní kíláàsì!”

“Èmi náà ni.”

“Mo ṣì rántí ọjọ́ náà o.”

“Ó yẹ kí o rántí.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Basilio jókòó, ó fọwọ́ nu ojú. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tò ó lójú gbogbo wọn nawọ́. Ọwọ́ yọ níkọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́fà-méje kò nawọ́, ọ̀kan nínú wọn sì ń kùn pé ẹni tó pa irọ́ mọ́ra fún ọdún mẹ́fà kò yẹ lẹ́ni tí à ń fowó rán. Otilia gbọ́ ọ.

Wọ́n gbé tábìlì kíláàsì méjì pọ̀. Òbí kan ń ṣí páálí, èkejì ń ka nọ́ńbà ara ẹ̀yà sókè, ẹ̀kẹta ń fi wé ti ìwé ọjà kí Nicanor tó fọwọ́ kàn án. Aago méjì lù, aago mẹ́ta lù, ẹnikẹ́ni kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí Basilio tẹ bọ́tìnnì, fáànù kọ̀ǹpútà náà yí, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Wọn kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n mú ìwé ìpàdé jáde, Otilia sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé irọ́ ni ohun tí ìpàdé sọ nípa olórí ilé ìwé àtijọ́ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Wọ́n buwọ́ lù ú, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ tẹ ìka.

Ìgbà náà ni Zenaida kúrò lẹ́nu ọ̀nà tó dúró sí láti àárọ̀. Kò tíì tẹ àgbàlá yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀. Wọ́n yà lọ́nà fún un.

“Ka ohun tí o kọ.”

Otilia kà á.

“‘Olórí ilé ìwé àtijọ́’ lo kọ. Ṣé kò lórúkọ ni? Nígbà tí ẹ pè é ní olè, orúkọ rẹ̀ lẹ kọ, tòun ti orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀.”

“Ẹ ṣeun, ìyá. Mo ṣì í kọ.”

Otilia fa ìlà gba orí rẹ̀, ó kọ orúkọ náà sókè rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá: Fidencio Anaya Lliuyac. Zenaida bẹ̀rẹ̀ sórí ìwé náà, ó fi ìka tọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì dìde.

“Mi ò ní mo dárí jì ọ́ o, Otilia. Ọkọ mi ń bi mí lórí ẹní àìsàn rẹ̀ pé ta ló máa sọ òótọ́ fún wọn. Mi ò mọ ohun tí màá sọ.” Ó wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. “Ó ti tọ́ báyìí.”

Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọwọ́ rẹ̀ lára irin. Basilio rọra ní, “Tíṣà, ẹ jókòó.” Otilia kò jókòó. Ó dúró títí obìnrin náà fi tẹ òkúta tó kẹ́yìn nísàlẹ̀.