Pérégún Bàbá Lọ́yà

Inú mi ò tíì rọ̀. Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Lọ́yà, kàwé òfin ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó padà sí Iléṣà, wọ́n sì lò ju àádọ́rùn-ún ọdún lọ láyé. Àwọn nìkan ló kù tó mọ ààlà oko kòkó wa lọ́nà Ìwàràjà, torí àwọn àti bàbá wọn ló jọ gbin pérégún sí i. Àwọn ọmọ ẹni tó bá wa pààlà sì ti ń gbin ẹ̀gẹ́ wọ inú kòkó wa díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju kí Bàbá fọwọ́ sí ìwé tó sọ ibi tí ilẹ̀ wa dé.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń wọkọ̀ láti Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo, lọ bá wọn. Wọ́n á kà á tán, wọ́n á bọ́ awò ojú wọn.

"Ẹ gbé mi dé oko ná. Mi ò kí ń jókòó sílé fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀."

Ẹni tí orúnkún wọn ò gbé dé balùwẹ̀! Orí mi gbóná, ṣùgbọ́n ta ní ń bá àgbà jiyàn? Mo gba lébìrà, mo ní kí wọ́n ṣán ọ̀nà dáadáa kí a lè fi àga gbé Bàbá kọjá. Èmi ò bá àwọn lébìrà lọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣán an, iṣẹ́ ìjọba ò fún mi láyè.

Nígbà tí a gbé Bàbá débẹ̀, wọ́n wọ̀tún, wọ́n wòsì. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Pérégún dà?"

Àwọn lébìrà mi ti ṣán an mọ́ igbó. Bàbá ti bírò wọn bọ àpò.

"Ẹ gbé mi re ulé."

Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣáà fọwọ́ júwe rẹ̀." Wọ́n ní àwọn ò ní purọ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́ àwọn. Oṣù yẹn ò parí tí wọ́n fi kú. Mo bínú sí wọn, mo bínú sí lébìrà, bẹ́ẹ̀ àfọwọ́fà mi ni.

Mo padà sóko lẹ́yìn ìsìnkú. Pérégún kì í tètè kú. Èyí tí wọ́n ṣán jù káàkiri ti ta gbòǹgbò níbi tó balẹ̀ sí, nínú ẹ̀gẹ́ àwọn ọmọ ẹni tó bá wa pààlà, nínú kòkó wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà dúró ti èyí tó hù láàárín kòkó bàbá mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i? Ààlà yín nìyí."