Erékùṣù Méjì Tí A Kò Yàn

Òórùn ata díndín àti ti kánfọ̀ ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Wilhelmsburg, ní Hamburg. Ata náà, gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń dín in. Kánfọ̀ sì wà nínú àpótí aṣọ ìyá wa tó gbé wá láti Ìbàdàn, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí. Tempelhof ní Berlin lèmi ń gbé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, mo sì máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Ogún ọdún ló ti fi ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan ní Altona, kò sì lọ ìsinmi kankan rí, àfi tó bá ń lọ sìnkú nílé.

Lọ́dún tó yẹ kó pé ẹni àádọ́ta, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo ní kí àwa méjèèjì lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní erékùṣù kan tí kò ní ariwo. Méjì ni mo rí: Hiddensee, níbi tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í ti í rìn, àti Amrum, tí iyanrìn etíkun rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó máa rẹ èèyàn kó tó kan omi. Mo tẹ àwòrán wọn jáde, mo tò wọ́n sórí tábìlì nílé ìdáná rẹ̀.

Ó wò wọ́n pẹ́. "Èwo ló wù ọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, Sístà. Ẹ̀yin lẹ máa yàn."

"Ìwọ lo mú ọ̀rọ̀ Urlaub, ìsinmi yìí, wá, ìwọ ni kó o yàn án."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: àbúrò kì í ṣáájú ẹ̀gbọ́n mú ẹran nínú àwo. Mo kà á sí ọ̀wọ̀ pé mi ò ní yàn. Gbogbo ọjọ́ Sunday, tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo máa ń pè é. Lọ́sẹ̀ yìí, Hiddensee ló ń yìn, torí pé ẹṣin ló ń fa kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ó di Amrum. Mo ní ó ń ṣe bí ẹni tó ń yan ọkọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Tí nǹkan bá ṣe èèyàn níbẹ̀, báwo ló ṣe máa dé Krankenhaus, ilé ìwòsàn?"

"Ẹ má gbé iṣẹ́ lọ síbi ìsinmi o, Sístà," mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ó dáa.

Ó ti rù nígbà náà. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ń yọ bọ́ sínú abọ́ tó bá ń fọ àwo. Ó ní ààwẹ̀ lòun ń gbà. Aládúrà ni wá, ààwẹ̀ kì í ṣe tuntun nílé wa, mo sì kí i kú ìforítì. Mo bá a ṣe àmín sí i.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá ìjọ wọn pè mí. "Máa bọ̀ ní Hamburg. Má wakọ̀ fúnra rẹ." Ọjọ́ Sátidé ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, kò sí òórùn ata. Kánfọ̀ nìkan ló gba gbogbo ilé. Wọ́n ti ṣí àpótí náà, aṣọ òfì ìyá wa ni wọ́n fi bo ẹ̀gbọ́n mi. Jẹjẹrẹ ni. Ó ti mọ̀ kí n tó tẹ àwòrán kankan jáde.

Inú bí mi. Ó bí mi sí ìyá ìjọ, ó bí mi sí òkú tó wà nílẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣé kò gbọ́ ọ rí ni?

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sọ fún mi."

"Ó fi mí búra." Ìyá ìjọ ò gbójú kúrò lára mi. "Dókítà ti ní kò lè rìnrìn àjò. Tẹ́ ẹ bá ti yàn, á ní láti sọ fún ẹ pé òun ò lè lọ. Ìpè ọjọ́ Sunday yẹn ló ń gbé e la ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan já, ọmọ mi."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jáde nítorí pé ilé há mọ́ mi. Mi ò rìn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi dé etí odò Elbe. Bẹ́ǹṣì kan wà níbẹ̀, àwọn àgùntàn ń jẹ koríko lórí ebè gíga tí wọ́n mọ láti dá omi dúró. Ibẹ̀ ló wá sọ sí mi lọ́kàn pé odò yí Wilhelmsburg ká, pé erékùṣù ni òun náà. Ẹ̀gbọ́n mi ì bá lè rìn débẹ̀ títí di bí oṣù kan ṣáájú. À bá jọ jókòó.

Mi ò tíì dé Hiddensee, mi ò sì dé Amrum. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni mò ń lọ tí mo bá dé Hamburg. Èèyàn máa ń yìn mí pé mo bọ̀wọ̀ fún un títí dópin, òótọ́ sì ni. Mo bọ̀wọ̀ fún un débi pé mi ò bi í rárá pé kí ló ń ṣe é.