Máàpù Tí Mi Ò Yọ Kúrò ní Lekki

Kí àwọn ará àdúgbò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó jí ni mo ti dé gáréèjì, tí mo gbá kọ̀ǹpútà mi mọ́yà bí ọmọ tuntun. Èkó ni mò ń lọ, ní apá Lekki, níbi àpérò àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Iléeṣẹ́ ńlá kan ló gbé ẹ̀bùn ìrìnàjò kalẹ̀ fún àwa ọ̀dọ́ tí a ní iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́, tí a kò sì lágbára owó ọkọ̀ àti ilé ìtura. Omi abẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi dá lé. Mo ti lo ọ̀pọ̀ oṣù ní Ẹlẹ́kọ, abúlé apẹja létí òkun, tí mò ń wá ìdí tí àwọn kànga kan níbẹ̀ fi di oníyọ̀.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, kòtò ló pọ̀ ju títì lọ. Awakọ̀ wa, Bàbá Ràṣídì, bi mí pé kí ni wọ́n ń tà níbi àpérò.

"Wọn ò ta nǹkan kan, Bàbá. Èèyàn á dìde, á sọ ohun tó rí nínú iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì bi í ní ìbéèrè."

"Bí ohun tó rí ò bá dùn mọ́ wọn ńkọ́?"

Nígbà tí mo dé Èkó, kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló gbé mi dé ilé ìtura náà ní Ìkátẹ̀. Ẹ́sítéètì ló yí i ká: ọ̀pọ̀ ilé nínú odi kan ṣoṣo, géètì kan ṣoṣo. Bí o bá fẹ́ kí ẹnì kan níbẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, ìyẹn nọ́ńbà tí o máa kà fún ẹ̀ṣọ́ kó tó ṣílẹ̀kùn. Lọ́dọ̀ tiwa, "Àgò onílé o" ti tó. Ìrẹsì abọ́ kan àti ẹja tí kò ju ìka mi lọ, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni. Mo fi ṣíbí họ abọ́ náà mọ́ tónítóní.

Nírọ̀lẹ́, akọ̀wé àpérò náà, Ọ̀gbẹ́ni Dípò, wá bá mi. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni.

"Dókítà ọ̀la, iṣẹ́ yín dáa gan-an. Àmọ́ ẹ bá wa yọ máàpù yẹn kúrò, èyí tó fi ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa yanrìn hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kànga."

"Kí ló dé, sà?"

"Àwọn tó san owó ọkọ̀ yín ló ni ẹ̀rọ náà."

"Sà, fífa yanrìn yẹn ló jẹ́ kí omi òkun wọ inú kànga. Bí mo bá yọ máàpù náà, kí ló kù tí mo fẹ́ sọ?"

"Ẹ rò ó dáadáa. Àwọn yìí kan náà ló ń rán ọ̀dọ́ lọ sí òkè òkun."

"Mo ti rò ó tán. Mi ò yọ ọ́."

Rọ́fíà, ọmọ Ìlọrin tó gba ẹ̀bùn bíi tèmi, tó ń ṣèwádìí kòkòrò inú iṣu, ni wọ́n fi sí yàrá kan náà pẹ̀lú mi. Ó fọwọ́ lérí. "Àjọkẹ́, ṣé inú ilé wọn lo ti fẹ́ bá wọn jà?"

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló kàn mí láti sọ̀rọ̀, nítorí náà mo fi àárọ̀ sáré lọ sí Ẹlẹ́kọ. Ọkọ̀ èrò wa kọjá Igbó Ẹfọ̀n àti àwọn ọ́fíìsì gíga rẹ̀, ó já èrò sílẹ̀ ní Ajah, títí atẹ́gùn òkun fi bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ sí wa. Ìyá Ẹ̀bùn, tó ń sè fún mi nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, jáde sí mi nínú aṣọ funfun ìjọ wọn, láì wọ bàtà. Yanrìn ti kún kànga rẹ̀ dé ẹnu.

"Màmá, ẹ ti dí i?"

"Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe? Mo gbààwẹ̀ lórí ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ mi ló ba omi jẹ́. Nínú ìjọ, wọn ò gba omi lọ́wọ́ mi mọ́."

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Màmá. Iyọ̀ òkun ló wọlé."

"Èmi nìkan lo ń sọ ọ́ fún. Lọ sọ ọ́ níbi tí èèyàn pọ̀ sí."

Nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn àpérò, orúkọ mi kò sí nínú ètò mọ́. Mo jókòó. Wọ́n pe Rọ́fíà. Ó dé ibi ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Mo fi àyè mi sílẹ̀ fún Àjọkẹ́," ó ní. "Wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nítorí pé ó kọ̀ láti fi òótọ́ pamọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Dípò fò dìde. Alága, ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, tẹjú mọ́ ọn. "Ta ló ní kí wọ́n pa á rẹ́?" Dípò rọra jókòó padà. Ìyá náà kọjú sí mi. "Máa bọ̀, ọmọ mi."

Mo gbé máàpù náà sókè. Ọkùnrin kan láti iléeṣẹ́ náà dìde, ó ní òkun fúnra rẹ̀ ló ń wọlé, pé kí n má purọ́ mọ́ ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni.

"Sà, etí òkun kan náà ni gbogbo kànga yìí wà. Àwọn tó jìnnà sí ẹ̀rọ yín ṣì dùn. Bó bá jẹ́ òkun nìkan ni, kò ní máa ṣa kànga yàn."

Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà àti àwọn èèyàn rẹ̀ jáde. Wọn ò pe èmi àti Rọ́fíà síbi tí àwọn tó gba ẹ̀bùn ti jọ ya fọ́tò.

Lójú ọ̀nà ilé, mo pe Ìyá Ẹ̀bùn, mo ní mo ti sọ ọ́ níbi tí èèyàn pọ̀ sí. Ó ní kí n dákẹ́ ná, ó lọ gbé fóònù fún wòlíì wọn. "Tún un sọ," ó ní, "kí àwọn náà gbọ́." Mo tún un sọ, pé iyọ̀ òkun ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Wòlíì gba fóònù. "A ti gbọ́, ọmọ mi. Èmi fúnra mi ni màá kọ́kọ́ gba omi lọ́wọ́ Ìyá Ẹ̀bùn."

Nígbà tí mo dé Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀gá ẹ̀ka wa ní yunifásítì ti gbọ́. Iléeṣẹ́ náà ti ní àwọn ò ní fún ẹnikẹ́ni láti ọ̀dọ̀ wa ní ẹ̀bùn mọ́.

"Ṣé o rí ohun tó o ṣe fún wa, Àjọkẹ́?"

"Mo rí i, sà. Ọwọ́ tó bá máa fún mi lóúnjẹ, kó má di mí lẹ́nu."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni èmi àti Rọ́fíà jọ béèrè fún ẹ̀bùn ìrìnàjò mìíràn. Níbi tí wọ́n ti ní ká fi àwòrán kan ṣoṣo ránṣẹ́, máàpù yẹn ni mo fi sí i.