Ẹlẹ́rìí Tí Ó Tó Àtàǹpàkò

Ọjọ́ tí Bàbá Ó-Wà-Nínú-Ẹ̀ gbé iná sí ọkọ̀ Tíṣà Àgbà, àwọn tó ń bẹ ní ìsọ̀ tí Bàbá ti ń tún ike ọkọ̀ ṣe kò dúró gbọ́ àlàyé. Eré ni wọ́n fi kúrò níbẹ̀. Tíṣà Àgbà, ìyá tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni ó fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ náà wá. Olóògbé baálé rẹ̀ ni ó fi í sílẹ̀ fún un, oòrùn ogún ọdún sì ti sọ gbogbo ike dúdú ara rẹ̀ di aláwọ̀ eérú. Ó rò pé búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà ni ọkùnrin náà yóò mú láti fi sọ ọ́ di dúdú padà. Àgbá gáàsì kékeré ni ó gbé jáde, ó ṣáná sí i, ahọ́n iná sì yọ ṣòòròṣò.

“Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?”

“Mo fẹ́ fi yan bọ́ńpà ni, Màmá.”

“Ṣé ẹ mọ̀ pé epo wà nínú ọkọ̀ yẹn?”

“Ẹ̀yìn lepo wà. Iwájú làwa wà.”

Ó ti fi ọṣẹ fọ bọ́ńpà náà, ó ti nù ún gbẹ, ó sì ti fi téèpù bo etí ibi tí ọ̀dà ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Iná kò gbọdọ̀ sún mọ́ ike ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, kò sì gbọdọ̀ dúró lójú kan. Bí ó bá falẹ̀, ike yóò yọ́; bí ó bá sáré jù, eérú yóò wà bí eérú. Tíṣà Àgbà di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú bí ẹni tí yóò fa ọkọ̀ náà sá lọ. Èéfín tín-ín-rín kan rú. Níbi tí iná gbà kọjá, dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú ike náà, ó ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa.

“Dúdú náà ò lọ síbì kankan,” ni Bàbá wí. “Ó wà nínú ẹ̀.”

Ní gbogbo ọdún tí Tíṣà Àgbà fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò yin iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kọjá “ó dára díẹ̀” rí. Ó wo bọ́ńpà náà yí po, ó mí kanlẹ̀, ó ní ó dára díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn, “ó wà nínú ẹ̀,” ni ó di orúkọ mọ́ ọkùnrin náà lára, nítorí kò gbà pé ó yẹ kí ènìyàn kun ohunkóhun. Ẹnìkan ní òdìkejì títì ń fi pólíìṣì bàtà kun ike ọkọ̀ àwọn oníbàárà tirẹ̀, ó sì ń dán ju ti Bàbá lọ, títí òjò fi rọ̀ tí akọ̀wé ilé-ẹjọ́ kan sì fẹ̀yìn ti ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. Akọ̀wé náà sáré wá bá Bàbá, tòun ti ṣòkòtò tí pólíìṣì ti sọ di dúdú. Bàbá kò rẹ́rìn-ín rárá. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni ó fi sọ fún un pé òun kì í ṣe iṣẹ́ ṣòkòtò.

Ṣùgbọ́n àgídí rẹ̀ gan-an wà nínú ohun tí ó ń pè ní ẹlẹ́rìí. Lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ní ike tó wà ní ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn awakọ̀, ó máa ń fi ibi tí ó tó àtàǹpàkò sílẹ̀ láìyan. Ó ní ẹni tí ara rẹ̀ ti yá kì í rántí pé òun ṣàìsàn. Láàárín oṣù kan, olúwarẹ̀ yóò búra pé ọkọ̀ òun kò ṣá rí. Àkísà tútù ni ó fi ń bo ojú ibẹ̀, àtàǹpàkò ni ó sì fi ń tẹ àkísà náà mọ́lẹ̀ nígbà tí iná bá ń kọjá. Iná lá àtàǹpàkò yẹn títí ó fi dúdú ju bọ́ńpà oníbàárà lọ.

Tíṣà Àgbà rí ẹlẹ́rìí tirẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ yan ọkọ̀ rẹ̀ gan-an. Ó ní òun kì í gba iṣẹ́ àṣekù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá ní iṣẹ́ ti parí, ẹ̀rí ni òun fi sílẹ̀. Ìyá wọ inú ọkọ̀, ó jókòó, ó ní òun kò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí Bàbá bá yan èyí tó kù. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Bàbá palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, ó na kọ́kọ́rọ́ géètì ìsọ̀ sí i láti ojú fèrèsé, ó ní kí ó jọ̀ọ́ bá òun tì í tí ó bá ń lọ.

Ó tì í. Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó nàka sí ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn, ìjà sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi jà á, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́dọọdún tí oòrùn bá tún ti pa ike náà, Bàbá yóò tún un yan, yóò sì fi ibi kan náà sílẹ̀.

Nígbà tó ṣe, Bàbá Ó-Wà-Nínú-Ẹ̀ sùn, kò jí mọ́.

Ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà, Tíṣà Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ láti wo ẹlẹ́rìí, kò rí i. Gbogbo ike náà ti ṣá, ibi tí a yan àti ibi tí a kò yan ti di eérú kan náà. Ẹlẹ́rìí ti wọ àárín èrò.

Ó wa ọkọ̀ náà lọ sí ilé opó Bàbá, ó ní kí ó bá òun gbé àgbá gáàsì jáde.

“Ta ló fẹ́ lò ó, Màmá?”

“Èmi ni, ìyàwó. Máa gbé e bọ̀.”

Opó náà gbé e wá, ó sì gbé garawa iyanrìn tì í. Tíṣà Àgbà kúnlẹ̀. Ojú kò rí ibẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìka tó ti ń nà sí i fún ọdún mẹ́sàn-án kò gbàgbé. Ó fi àkísà tútù bò ó, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó gbé iná sún mọ́ ọn. Dúdú kò yọ. Ó dá iná dúró lójú kan láti wò ó dáadáa, òórùn ike sì ta sókè, ojú ike náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

“Màmá, iná kì í jókòó! Ẹ máa rìn ín!”

Ó rìn ín. Ooru ti wọ inú àkísà dé àtàǹpàkò rẹ̀. Ó di eyín pọ̀, kò gbé e kúrò. Díẹ̀díẹ̀, dúdú yọ lápá òsì, ó yí àtàǹpàkò náà po, ó sì yọ lápá ọ̀tún. Opó náà pa gáàsì.

Tíṣà Àgbà ká àkísà kúrò. Eérú kékeré náà jókòó síbi tó ti máa ń jókòó. Opó náà wo àtàǹpàkò ìyá tó ti pọ́n, ó rántí ti ọkọ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi etí aṣọ nu ojú.

Tíṣà Àgbà kò tíì dìde. Ó wo ẹlẹ́rìí náà pẹ́.

“Ó dára,” ló wí.

Opó náà dúró kí ó fi “díẹ̀” kún un. Kò fi kún un.