Ẹja Bàbá Onílé Wa

Bí ẹnìkan bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé, Bàbá onílé wa ní Ìgàndò ni mo máa ń rántí. Ẹja ló ń wúkọ́ fún. "A kì í já wọlé onílé," ni yóò wí.

Ẹja dúdú méjì, akọ àti abo, tó ń fẹnu lẹ̀ mọ́ gíláàsì ni, nínú àpótí omi ní pálọ̀ rẹ̀. Bàbá ń wá kí wọ́n bímọ, ọdún mẹ́ta, òfo. Àwa ayálégbé ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sè wọ́n jàre!"

Èmi tí n kò kàwé kọjá kíláàsì mẹ́ta, tí kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ páìpù tó mi ní Ìkòtún, èmi ni mo ní, "Wọ́n ń tijú ni. Wọ́n fẹ́ yàrá." Mo gé páìpù, mo dí ẹnu kan, mo rì í sómi. Kò pẹ́, ẹyin kún inú rẹ̀. Akọ jókòó tì wọ́n, ó ń fi lẹbẹ fẹ́ wọn, kò jáde.

Ìyá onílé rẹ́rìn-ín: "Bàbá ló ń tọ́mọ! Ẹ̀yin, ọmọ méje, èwo lẹ pọ̀n rí?"

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ẹja lẹ̀ mọ́ gíláàsì, Bàbá pè wá. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé, ó fi ìró ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn.